Ìrẹ̀ Inú Ògiri Wa ní Ìlódè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí mi dáadáa. Ẹnu yín ni mo ń wò kí n tó gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí mi, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nìyẹn. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn ló ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa etí. Mo sọ fún un pé n kò mọ ohun kan nípa etí ju pé mo ba tèmi jẹ́, àti pé díẹ̀ ló kù kí ó gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ìlódè tí ẹ gbà kọjá láàárọ̀ yìí kọ́ ni Ìlódè tí wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohùn ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ àgbàlá ló máa ń jí wa. Àkùkọ yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń pe ìrun yóò pè é láti mọ́sálásí pẹ̀lú ọ̀fun rẹ̀ nìkan, láìsí ẹ̀rọ kankan, gbogbo wa yóò sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ọlọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ọlọ tirẹ̀, ọlọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí ó ṣe ń dún. Ìyá mi lè dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, kí ó mi orí, kí ó ní, "Ìyàwó ilé kejì tún ń kánjú. Ata yẹn kò ní kúnná." Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n fún wa ní ọbẹ̀, a ó bá awọ ata níbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé, ọlọ dákẹ́. Èmi wà lára àwọn tó pa á lẹ́nu mọ́. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ni mo kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo gbé ẹńjìnnì ńlá kan sínú rẹ̀, irú èyí tí ènìyàn méjì ń fi irin yí kí ó tó gbà láti jí. Èmi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ń da nǹkan sẹ́nu ẹ̀rọ, òun ń gbà á nísàlẹ̀. Ohun tí a fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe nìyẹn.

Ẹ kò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Láàárọ̀, àwọn tó ru ògì àti àwọn tó ru ẹ̀wà àkàrà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí bí ata bá ti wọ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ògì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Obìnrin tó bá pẹ́ dé yóò máa bẹ̀ wá pé kí a fọ ẹ̀rọ fún òun, àwọn aláta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ jí abọ́ wọn gbé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè bú ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́. Ọwọ́ ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀. Bí o bá fi àtàǹpàkò ra ìka ìfábẹ̀lá, o fẹ́ kí ó kúnná nìyẹn. Ìka méjì túmọ̀ sí pé kí á lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà rẹ wálẹ̀, kí á fọ ẹ̀rọ ná. Èyí tó wà láàárín èmi àti Ìyá Bọ́lá nìkan ni kí ènìyàn fọwọ́ gbá èjìká òsì rẹ̀: ó ti rẹ̀ mí, wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó olùkọ́ kan wà tó ń ti ọgbà yunifásítì wá sọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀gúsí wá, ó sì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òdìkejì ọ̀nà tí wọn kò tíì rí ara wọn láti ìgbà tó bímọ. Ó na ìka méjì sókè sí ọ̀rẹ́ náà pé ìbejì ni òun bí. Èmi rí ìka méjì, mo lọ ẹ̀gúsí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ náà kò gbàgbọ́, obìnrin náà tún na ìka méjì, mo tún dà á padà. Nígbà tí wọ́n yọ̀ mọ́ ara wọn tán, òróró ló kù nínú abọ́. Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ó kù kí n wá ẹja tí n ó fi dín."

Mo ti sọ pé èmi ni mo ba etí mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, nítorí ó ní ọgbọ́n tí mo lò. Ẹńjìnnì wa ní sàlẹ́ńsà, ìyẹn irin roboto tó ń pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó jáde. Ẹ̀rọ mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ òpópó tí sàlẹ́ńsà tirẹ̀ ti jẹrà, tó ń dún gbàgbàgbà dé ẹ̀yìn odi. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹńjìnnì tìsàlẹ̀ lágbára ju tiyín lọ o. Tiwọn, láti inú ilé ni a ti ń gbọ́ ọ." Mo lọ sílé, mo ro ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe mẹkáníìkì, mo ní kí ó yọ sàlẹ́ńsà wa.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan án láìsí sàlẹ́ńsà, adìẹ fò gun òrùlé. Páànù ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Kí ó tó di ọ̀sán, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà mi. Ìyá Bọ́lá fà mí jáde, ó gbé ẹnu sí mi létí, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ dá nǹkan yẹn padà. Ó ń wọ̀ mí lórí lọ."

Mo ní, "Ohùn yìí ló ń bá wa pe oníbàárà. Yóò mọ́ ẹ lára."

Ó sì mọ́ ọn lára lóòótọ́. Òun gan-an ni aburú rẹ̀. Sàlẹ́ńsà náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù títí alángbá fi sọ ọ́ di ilé.

Ọ̀sẹ̀ tó bá ṣáájú ọdún Ọlọ́jọ́, a kì í pa ẹńjìnnì láti ìdájí di àṣálẹ́. Nígbà tí a bá délé, ohun gbogbo máa ń dún bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí wa létí, nǹkan kan yóò sì máa hó nínú etí wa. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti lọ. A rò pé etí wa ti sinmi ni. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ti wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni, àti pé bí ìkìlọ̀ bá ń wá lójoojúmọ́ tí a kò dá a lóhùn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí etí náà kò ní padà bí ó ṣe wà. Mo sọ fún un pé mo máa ń ki òwú bọ etí nígbà míràn. Ó ní òwú lásán kò lè dá irú ariwo bẹ́ẹ̀ dúró. Ìbòtí gidi tí a ṣe fún iṣẹ́ ló yẹ kí a lò. Ó ní ìwọ̀n tí òun máa ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rọrùn: bí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè kàn bá ní láti pariwo kí o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí. Mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó mi fi wà níbi tí ọwọ́ mi lè kàn án, àní bí ó pariwo, n kò ní gbọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kéékèèké pọ̀ káàkiri, ẹ̀yin ọmọ wa ra bùlẹ́ńdà sílé, àgbà sì dé sí wa. Wọ́n gbé ẹńjìnnì lọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti Ìyá Bọ́lá wọlé lọ jókòó nínú ìdákẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrẹ̀ ni àkọ́kọ́. Mo jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, mo gbọ́ ìrẹ̀ kan tó ń han nínú ògiri, wíín, wíín, láìsinmi. Mo bi Ìyá Bọ́lá bóyá ó ń gbọ́ ọ. Ó ní ó ti ń dààmú òun láti ìjẹta. A da omi gbóná sí i, kò dákẹ́. A da epo bẹntiróòlù sí i, kò dákẹ́. Mo bá pe Bàbá Músílíù, aládùúgbò wa, telọ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í takò ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Ẹ bá wa gbọ́ ìrẹ̀ yìí. Apá ibo ló wà?"

Ó gbé etí lé ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ìrẹ̀ wo?"

Èmi àti Ìyá Bọ́lá wo ojú ara wa. Àánú rẹ̀ ṣe wá. Ìyá Bọ́lá rọra sọ fún un pé, "Bàbá Músílíù, ẹ má bínú o. Ẹ ní láti lọ wo etí yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ti ṣe yín léṣe."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó tún ràn mí lọ́wọ́ láti fi dígà wa ògiri náà títí ihò rẹ̀ fi gba orí ènìyàn. A kò rí ìrẹ̀. Bàbá Músílíù ní bóyá ó ti sá lọ, nítorí òun kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní, "Ẹ kò gbọ́ ọ látilẹ̀."

Ohun kejì ni ìjà. Ìyá Bọ́lá yóò wà nídìí ààrò, yóò kẹ̀yìn sí mi, yóò bi mí bóyá èbà ni mo fẹ́ tàbí iyán. N kò ní dáhùn. Yóò bínú, yóò gbé iṣu tí kò sí ọbẹ̀ wá. Èmi náà yóò ti ẹ̀yìn wọlé, n ó kí i pé ó kú iṣẹ́, kò ní wo ẹ̀yìn. N ó bínú, n kò ní jẹ iṣu náà. Nínú ariwo tí adìẹ kò lè fara dà, a kò ṣi ara wa gbọ́ rí, nítorí pé ojú ara wa ni à ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ ni a ti wá di àjèjì.

Àwọn ẹbí pè wá jọ. Wọ́n gbé àga méjì sí àárín pálọ̀, wọ́n fi wá sórí rẹ̀ kí a lè kọjú sí wọn, wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. A dáhùn gbogbo rẹ̀ kedere. Àgbà tó ṣe alága ní òun ti rí i pé etí wa pé pérépéré, ìgbéraga ló ń da àwa méjèèjì láàmú. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Bọ́lá di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òkèrèwè. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni pé, "N kò lè bá ẹni tí kò fẹ́ dá mi lóhùn gbé ilé kan náà." Ó kọjú sí mi nígbà tó sọ ọ́, nítorí náà mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Oṣù méjì ni mo fi dá wà pẹ̀lú ìrẹ̀. Ilé ìwòsàn yìí ni mo ti ń wá wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi nígbà náà. Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ á jókòó síwájú mi bí ẹ ṣe jókòó yìí, á béèrè bí mo ṣe sùn, bí mo ṣe jẹun, á sì béèrè nípa etí mi. Mo ní ó dára. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́ sínú káàdì mi pé mo ń gbọ́ràn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ka ètè àwọn obìnrin Ìlódè, ètè nọ́ọ̀sì kan kò lè le jù fún un.

Ìgbà kẹta, ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Ó jókòó, ó wò mí, n kò sì gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé inú ló ń bí i tí kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà dákẹ́, kí n má baà dá kún un. A wo ara wa báyìí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fa ìbòmú náà wálẹ̀.

"Bàbá, mo ti bi yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ẹ lo oògùn yín."

"Mo lò ó, ọmọ mi."

Ó tún fi bo ẹnu. Mo rí i tí aṣọ náà ń mì. Ó tún fà á wálẹ̀. "Kí ni mo sọ?"

Mo ní, "O kò tíì sọ nǹkan kan."

Ó gbé káàdì mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin máa fi ṣáájú gbogbo ìbéèrè: "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé nǹkan kan máa ń hó yín létí?" Mo ní rárá, àfi ìrẹ̀ kan tó wà nínú ògiri wa.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ ìrẹ̀ náà níbí?"

Mo tẹ́tí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìrẹ̀ náà ti tẹ̀ lé mi wá.

Ó dúró sẹ́yìn mi níwọ̀n apá kan, ó fi ìka rẹ̀ dí mi létí kan, ó sì ń sọ nọ́ńbà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí n máa tún un sọ. Nǹkan díẹ̀ ni mo rí tún sọ, orí ló sì bá mi ṣe é. Ó jókòó padà síwájú mi, ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n òun yóò kọ ìwé fún mi sí àwọn oníṣègùn etí, bóyá wọn yóò fún mi ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó ní a ṣì gbọ́dọ̀ tọ́jú èyí tó kù. Ó wá béèrè ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ náà.

Mo ní, "Ìyàwó mi ni. Òdìkejì ẹ̀rọ ló ń dúró sí."

Ó ní, "Ẹ mú wọn wá."

Ó rọrùn fún un láti sọ. Bí mo ṣe ń lọ sí Òkèrèwè, mo ń ro ohun tí n ó sọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń dún bí àwáwí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Ìyá Bọ́lá àti àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Èmi wà ní òdìkejì ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì gbé sípíkà ńlá síta. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, àwọn mìíràn nínú wọn ti yọ sàlẹ́ńsà tiwọn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Àbúrò rẹ̀ ń la ẹnu sí mi, ó ń fọwọ́ ké sí mi, kò mọ̀ bóyá kí ó dìde.

Ìyá Bọ́lá gbé orí sókè, ó rí mi. Mo gbé ọwọ́, mo gbá èjìká òsì mi.

Kò mira. Mo tún gbá a. Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà rẹ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe é. Fọ ẹ̀rọ ná.

Mo mọ ìdọ̀tí tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo sọdá, mo dúró síwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí ẹnu mi. Mo ní, "Èmi ni mo yọ sàlẹ́ńsà. O ní kí n dá a padà, n kò gbọ́ tìẹ. Ó ti ba etí mi jẹ́. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ba tìẹ náà jẹ́. N kò mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dá ọ lóhùn rí, n kò gbọ́ ọ ni. Má bínú."

Ó tún mú ẹ̀gúsí, ó bó o. Mo rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún yín pé kí ẹ dá a padà, ẹ ṣì ń gbọ́ nígbà yẹn."

Ó wọlé, ó lọ mú gèlè rẹ̀.

Nígbà tó di tirẹ̀ níbí, Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sọ nọ́ńbà mẹ́ta, ó sọ mẹ́ta mìíràn, ó tún sọ mẹ́ta. Ìyá Bọ́lá jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó yíjú padà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá Músílíù láti tọrọ àforíjì. A bá a níbi tó ti ń kán òróró sí etí. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti wa ògiri ni òun ti ń kán an, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ìrẹ̀ náà. Ìyá Bọ́lá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Músílíù, ẹ̀yin nìkan ni etí yín dá ṣáká nínú wa." Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ti bẹ̀ mí kí n sọ fún yín pé kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn: ohun tí dókítà kò bá fún wọn, kí wọ́n má ṣe kán an sí etí.

Nísinsìnyí, mo ti yí ibi ìdáná padà, kí Ìyá Bọ́lá lè máa kọjú sí mi bí ó bá ń dáná. Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń gbá bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì, n ó sì yíjú sí i. Lọ́sàn-án, àwa méjèèjì àti Bàbá Músílíù a máa jókòó síta.

Ìyá Bọ́lá á gbá bẹ́ǹṣì. "Tiyín ńkọ́ lónìí?"

"Ó ń han. Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi náà ń han."

Bàbá Músílíù á tẹ́tí díẹ̀.

Ihò inú ògiri náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi sìmẹ́ńtì dí i, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá ní kí n fi í sílẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ó lé alángbá jáde, ó gbé sàlẹ́ńsà náà wálé, ó sì tì í bọ ihò náà. Ó bá a mu bí ẹni pé ó ti wọ̀n ọ́n. Bí àlejò tó ní ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìlagi bá wọ pálọ̀ wa, tó sì bi wá pé kí ni irin yìí ń ṣe nínú ògiri, Ìyá Bọ́lá á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ bi í. Ẹ sáà rí i pé ó ń wò yín lẹ́nu."